Ìbàdàn Kan, Káńsù Márùn-ún: Ta Ni Kí A Ké Sí?

 Ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ibi tí a ti sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ pàdé. Ọ̀rọ̀ ewì, ọ̀rọ̀ gírámà àti ọ̀rọ̀ àṣà ni ó ń kún inú rẹ̀, bí ó sì ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, mo tọrọ ààyè láti sọ̀rọ̀ lórí gọ́tà. Kí ẹnikẹ́ni má fi mí rẹ́rìn-ín. Gọ́tà tí mo ń wí yìí wà ní Agbowó, níwájú ilé tí mo háyà yàrá sí, ó sì ti kọ́ mi ní ohun tí n kò rí kọ́ nínú kíláàsì kankan nípa bí a ṣe ń ṣe àkóso ìlú Ìbàdàn.

Ìyá onílé wa, tí ó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà, ni ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀wé, bá wa kọ ìwé sí ìjọba. Bí òjò mìíràn bá tún rọ̀ bí èyí, orí bẹ́ẹ̀dì ni a ó ti máa gbọ́n omi." Mo ní, "Ó dáa, mà." Mo kọ ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán, mo sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ kà á tán, ó ní gọ́tà náà kì í ṣe tiwọn, nítorí pé ojú títì ńlá ni omi inú rẹ̀ ti ń wá, ìjọba mìíràn ni ó sì ni títì náà. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn onítítì. Wọ́n ní títì ni tàwọn, gọ́tà inú àdúgbò kì í ṣe tàwọn. Ibi kẹta ni wọ́n ti ní kí n lọ béèrè ibi tí omi náà ń dà sí, nítorí pé ibẹ̀ kò sí lábẹ́ àwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rìn. Nígbà tí mo fi máa padà sọ fún Ìyá, òun ti bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ṣàdéhùn, wọ́n ti kó gbogbo ìdọ̀tí inú gọ́tà náà sórí títì. Òjò tí ó tẹ̀lé e kó o padà sínú gọ́tà.

N kò bínú sí àwọn akọ̀wé wọ̀nyí. Bí òfin ṣe pín iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ó ká mi lára ni pé, nínú gbogbo Ìbàdàn, kò sí ẹnì kan tí mo lè tọ̀ lọ tí yóò sọ pé, "Ìlú yìí lápapọ̀ wà lábẹ́ àkóso mi, jókòó kí n gbọ́." Olúbàdàn wà, òótọ́ ni, gbogbo wa sì ń forí balẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n òfin kò fi owó gọ́tà sí ọwọ́ Olúbàdàn. Gómìnà wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gómìnà gbogbo ìpínlẹ̀ ni, láti Ìbàdàn títí dé Ṣakí. Ìlú ńlá yìí ní orí oyè kan, kò ní orí ìṣàkóso.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ wọ Micra láti Agbowó lọ sí Challenge. Ní Agbowó, abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìbàdàn Àríwá ni a wà. A kọjá Bódìjà, a kọjá Sẹkitéríà, a dé Mọ́kọ́lá, abẹ́ rẹ̀ náà ni a ṣì wà. Bí ọkọ̀ bá ti dorí kọ Dùgbẹ̀, a ti bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn. Kí a tó dé Ring Road, a ti wọ Ìbàdàn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba mẹ́ta ni a ti là kọjá, a kò sì tíì sọ ti Àríwá Ìlà-Oòrùn tí ó wà níhà Ìwó Road, tàbí ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn tí ó jókòó sí Mápó. Èrò inú ọkọ̀ kò mọ̀ pé òun fo ààlà kankan. Omi òjò pàápàá kò mọ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí látilẹ̀. Ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó ní nǹkan bí 1829 yìí ní ọgbọ́n ìjọba tirẹ̀. Oyè ìlú kì í ṣe àfìbíjẹ. Ẹni tí ó bá gun àkàbà láti ipò Mọ́gàjí ni ó ń dé òkè, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ni ó sì jùmọ̀ ń dá ọ̀ràn ìlú. Ní 1893, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1897, a dá káńsù ìlú sílẹ̀. Ní 1934, Ìbàdàn bọ́ kúrò lábẹ́ àṣẹ Ọ̀yọ́, nígbà tí ó sì di 1936, Baálẹ̀ di Olúbàdàn. Gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní 1929 ni gbogbo ojú ń wò bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìlú. Lẹ́yìn òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1952 ní Ìwọ̀-Oòrùn, a dìbò, Adégòkè Adélabú sì di alága káńsù ní 1954. Nígbà tí ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ní gbogbo Nàìjíríà ní 1976, ìjọba kan ṣoṣo ni àárín ìlú Ìbàdàn ṣì ní. Ọdún 1991 ni ìjọba ológun Babangida gé e sí márùn-ún. Tí a bá ka àwọn mẹ́fà tí ó yí wọn ká mọ́ ọn, èyíinì ni Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Ọ̀nà-Àrà àti Olúyọ̀lé, mọ́kànlá ni ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, àwọn ènìyàn tí ó wà nínú márùn-ún ti àárín ìlú lé ní mílíọ̀nù 1.3, ti mọ́kọ̀ọ̀kànlá sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n gé ìlú sí márùn-ún, kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí wọn yóò fi àwọn ohun tí kò ṣeé gé sí. A lè pín ọ́fíìsì, a lè pín mọ́tò, a lè pín akọ̀wé. Báwo ni a ṣe ń pín odò Ògùnpa? Odò náà gba Agódi kọjá, ó gba àárín ọjà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó gba Òkè-Àdó lọ sí ìhà Mọ̀lété. Ìdọ̀tí tí a bá dà sínú rẹ̀ lókè ni ó ń di omi mọ́ ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí ó ti dàgbà ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò ní gbàgbé ohun tí odò náà ṣe. Ó lé ní igba ẹ̀mí tí ó bá omi lọ, àìmọye ilé ni ó sì wó.

Ẹnì kan lè dá mi dúró níbẹ̀ yẹn. Yóò ní, "Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ṣé o gbàgbé pé ní 1980, káńsù kan ṣoṣo ni ó wà ní Ìbàdàn?" N kò gbàgbé. Káńsù kan kò dá omi dúró, nítorí pé a ti fi ilé dí ojú ọ̀nà omi, owó àti agbára kò sì sí lọ́wọ́ káńsù náà láti ṣí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ènìyàn mọ ẹnu ọ̀nà tí òun lè lọ dúró sí kí ó kígbe. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tí omíyalé tún dé, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹnu ọ̀nà wo ni? Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó gba ìṣòro náà mọ́ra, Bánkì Àgbáyé sì fọwọ́ sí yíyá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkànṣe ní ọjọ́ tí ó máa ń parí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a palẹ̀ mọ́, wọn a sì lọ. Gọ́tà kò ní ọjọ́ tí ó ń parí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ibi mẹ́rin tí a ti fi ṣe àkìtàn ìlú láti ọjọ́ pípẹ́ ni Àjàkángà ní Olúyọ̀lé, Lapite ní Akínyẹlé, Awotan ní Ìdó àti Aba-Eku ní Ọ̀nà-Àrà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà nínú márùn-ún àárín ìlú. Àwa tí a wà ní Bódìjà àti Ring Road ń jẹun, a ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ń di èèpo rẹ̀ sínú ọ̀rá, èéfín rẹ̀ sì ń bá àwọn ará abúlé ẹlòmíràn sùn. Níbo ni ará Awotan yóò ti dìbò lòdì sí alága tí ìdọ̀tí àdúgbò rẹ̀ ń wá bá a? Kò sí. Káńsù tí ó ń rán ìdọ̀tí lọ kọ́ ni ó ń dìbò fún, káńsù tirẹ̀ kò sì lè sọ fún ti àárín ìlú pé kí ó má rán an wá mọ́.

Ti odò ẹran Bódìjà burú ju èyí lọ, nítorí pé ẹ̀mí bá a lọ. Ní 2018, nígbà tí ìjọba fẹ́ kó àwọn alápatà kúrò ní Bódìjà, ní Ìbàdàn Àríwá, lọ sí Amósùn ní Akínyẹlé, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn kan sì kú sí i. N kò sọ pé odò ẹran yẹ kí ó wà ní àárín ọjà oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ti gba ẹ̀yìn ọjà náà kọjá rí mọ ìdí tí ìjọba fi fẹ́ gbé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ilé ìgbìmọ̀ kan tí alápatà Bódìjà àti onílé Amósùn ti lè jókòó sórí àga kan náà, kí wọ́n jọ jiyàn, kí wọ́n dìbò, kí ẹni tí ó pàdánù sì mọ̀ pé a gbọ́ tòun. Nígbà tí kò sí ibi ìjiyàn, ọjà ni ó di ibi ìjiyàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan ètò yìí. Wọ́n ní káńsù márùn-ún túmọ̀ sí ìpín márùn-ún láti Àbújá. Bí a bá sọ ọ́ di ọ̀kan, a ó pàdánù owó, a ó pàdánù iṣẹ́, àwọn ìlú mìíràn yóò sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n tún ní káńsù kékeré ni ó súnmọ́ ènìyàn. Bóyá. Èmi tí mo rin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò rí bí ó ṣe súnmọ́ mi tó. Èyí tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti ìtàn. Wọ́n ní nígbà tí Ìbàdàn ní káńsù ńlá kan, kí ni a rí níbẹ̀? A rí ìwádìí Nicholson, akọ̀wé ìlú tí wọ́n pè wá láti Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1956 tí ó sì bá ìwà àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ìṣekúṣe nínú káńsù wí, tí wọ́n sì tú káńsù ká. Àwọn olólùfẹ́ Adélabú sọ nígbà náà pé ọ̀tá ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ìwé ìṣirò ni kí a wò. N kò ní dá ẹjọ́ náà lónìí. Ṣùgbọ́n mo gbà pé káńsù ńlá tí ìwé ìṣirò rẹ̀ wà nínú àpótí lè jalè ju káńsù kékeré márùn-ún lọ.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí a pa káńsù márààrún rẹ́. Bí a tilẹ̀ fẹ́ pa wọ́n rẹ́, òfin kò jẹ́ kí ó rọrùn, nítorí pé orúkọ wọn wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 pẹ̀lú ti àwọn yòókù, 774 lápapọ̀. Ọ̀nà kejì tí àwọn gómìnà máa ń gbà ni láti tún gé wọn sí wẹ́wẹ́. Ìjọba Ajímọ̀bi fi agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 35 kún ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ó tó kúrò lórí oyè ní 2019. Ìjọba Mákindé tí ó tẹ̀lé e tú àwọn alága tí ó bá níbẹ̀ ká, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì sọ ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021 pé kò bófin mu. Nínú gbogbo fàá-ká-já yìí, alága ni a ń jà lé lórí, a kò jà lórí gọ́tà.

Ohun tí mo fẹ́ ni ìwé àṣẹ ìlú: òfin kan tí yóò sọ pé Ìbàdàn jẹ́ ìlú kan, tí yóò dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí káńsù márààrún, tí yóò sì sọ iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ìgbìmọ̀ náà àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun láyé. London ní káńsù àgbà kan títí di 1986 tí ìjọba Margaret Thatcher fagi lé e. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi wà bí àwa ti wà yìí, káńsù àdúgbò 32 àti ti Àárín Ìlú, láìsí ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn fún gbogbo ìlú. Ní 2000, wọ́n dá Olórí Ìlú àti ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 25 sílẹ̀. Wọn kò pa káńsù àdúgbò kan ṣoṣo rẹ́. Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà, Kùtọnu ní ilẹ̀ Benin jẹ́ ìlú kan lábẹ́ olórí kan, pẹ̀lú ẹ̀ka 13 nínú rẹ̀. Lomé ní Togo gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní káńsù 13 láti 2019, ṣùgbọ́n wọ́n fi àgbègbè Lomé Ńlá bo gbogbo wọn. Bí Lomé bá lè fi orule kan bo yàrá mẹ́tàlá, kí ló dé tí Ìbàdàn kò lè fi bo márùn-ún?

Ní èrò tèmi, agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Abala 7 nínú ìwé òfin 1999 ni ó fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣòfin lórí ìdásílẹ̀, ètò, owó àti iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Abala kan náà ni ó ní kí Ilé Aṣòfin dá ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé sílẹ̀ tí àwọn káńsù yóò máa bá ṣiṣẹ́. Ìpìlẹ̀ wà nínú ìyẹn tí a lè kọ́lé lé lórí. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti sọ pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ìpínlẹ̀ kò lè fi agbára gba owó wọn fún iṣẹ́ yìí. Àwọn káńsù ni yóò fọwọ́ sí i pé iye báyìí nínú ìpín wa ni a ó máa dá sínú àpò ìlú. Yóò le. Káńsù tí ilé ìfowópamọ́ àti ìsọ̀ ńláńlá Dùgbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bi wá pé kí ló dé tí òun yóò fi sanwó gọ́tà ẹlòmíràn. Kí a dá a lóhùn pé àwọn tí ń náwó ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án kì í sùn síbẹ̀ lóru. Agbowó ni wọ́n ń sùn, Beere ni wọ́n ń sùn, Challenge ni wọ́n ń sùn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a gbé lé ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ kò pọ̀: ọ̀nà omi, ìdọ̀tí, odò ẹran àti ọjà tí gbogbo ìlú ń ná, àti àṣẹ ilé kíkọ́ sí bèbè odò. Kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjà àdúgbò àti títì inú àdúgbò wà lọ́wọ́ káńsù. Kí àwọn mẹ́fà tí ó yí wa ká ní ìjókòó níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí àti ti omi, nítorí pé àwọn ni ẹrù wa ń wọ̀ lọ́rùn. Kí a dìbò yan olórí rẹ̀, kí a má yàn án láti Agódi. Ní ti ìwé ìṣirò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní Gbọ̀ngàn Mápó, ní èdè Yorùbá.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa. Abala 97 nínú ìwé òfin kan náà gba Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti lo èdè ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò kọ ìwé àṣẹ ìlú náà ní Yorùbá tí ó já geere, tí obìnrin alátà Bódìjà yóò fi gbọ́ ọ tí yóò sì mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀? Àwa ni. Orúkọ rẹ̀ pàápàá gba àròjinlẹ̀. Mo ti ń pè é ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ a máa ti òkè wá, bíi pé gómìnà fi ta wá lọ́rẹ. Olùkọ́ wa kan ní kí n pè é ní ìwé àdéhùn ìlú, nítorí pé àdéhùn ní ẹni méjì nínú, ẹni tí ó sì ṣẹ̀ sí àdéhùn a máa jẹ́jọ́. Mo fi lélẹ̀ fún yín kí ẹ bá mi rò ó. Kí ẹgbẹ́ wa yan ènìyàn mẹ́fà tàbí méje lọ́dún yìí, kí a tún fi ti ẹ̀ka ìmọ̀ òfin kún un, kí a ṣe ìwé náà ní àkọ́kọ́ tán, kí a sì gbé e tọ àwọn káńsẹ́lọ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, Ìyá onílé bi mí bóyá wọ́n ti fèsì ìwé wa. Mo ní, "Rárá mà, wọn kò tíì fèsì." Ó ní kí n kọ òmíràn, ṣùgbọ́n kí n fi Yorùbá kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí òun náà lè gbọ́ ohun tí mo bá òun sọ.